Arò fún Ẹnu tí Wọ́n Fi Ìyà Ṣí

Ikú pa ẹnìkan láàrin wa, a kò dáhùn. Kò sí ìsìnkú, kò sí aṣọ òkú, kò sí ẹni tó ká ọwọ́ lérí. Inú yàrá ẹ̀yìn àgọ́ ọlọ́pàá ló kú sí, níbi tí igbe kì í ti dé títì, tàbí tí ó ń dé títì tí àwa tó ń kọjá lọ ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Òtítọ́ tí ọmọ ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni òkú tí mò ń wí yìí. Ìjọba tó yẹ kó ṣọ́ ọ ló pa á. Ẹ jẹ́ kí n sun ẹkún rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ nílẹ̀.

Nígbà kan rí, bí wọ́n bá ti ní òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àgbà á gbọn aṣọ rẹ̀ nù, á dìde. Kí ló tún kù tí ẹnikẹ́ni fẹ́ wí? Ẹlẹ́rìí lè ṣèké, ọ̀tá lè purọ́ mọ́ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ sí kànga? Ìdí tí ìjẹ́wọ́ fi níyì nìyẹn. Iyì yẹn ló lọ. Lónìí, bí ọ̀gá ọlọ́pàá bá dúró níwájú àwọn oníròyìn, tí ó to àwọn ọmọkùnrin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwọ bàtà, tí ó ní gbogbo wọn ti jẹ́wọ́, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ sí mi lọ́kàn ni pé: kí ni ojú wọn rí kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀? Bóyá wọ́n jẹ̀bi lóòótọ́. Mi ò ní mọ̀ láé. Ìwọ náà ò ní mọ̀. Ẹni tí wọ́n jà lólè gan-an kò ní mọ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó mọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ohun tí a kò bá wò, a kò lè sunkún rẹ̀. Tabay ni àwọn tó ti tọ́ ọ wò ń pè é. Wọ́n á fa apá ènìyàn méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n á fi okùn di ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìgbọ̀nwọ́, wọ́n á wá fi okùn náà gbé e kọ́ sókè. Gbogbo ìwúwo ara á bọ́ sórí oríkèé èjìká. Ẹni tó wà lókè yẹn kò rántí ẹ̀bi, kò rántí àìjẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ tí yóò sọ kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀ ló ń wá kiri. Bí wọ́n bá ní ìwọ lo pa ọba, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ní ta lẹ jọ ṣe é, á dárúkọ ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn: ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ilẹ̀ kì í mọ́ kí wọ́n tó lọ kó àwọn náà wá, okùn kan náà ló sì ń dúró dè wọ́n.

Ní 2014, àjọ Amnesty International kọ ọ́ síwèé pé ìdálóró ti wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà lára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àgọ́ fi ní ẹnìkan tí wọ́n fi sídìí rẹ̀. O/C Torture ni wọ́n ń pè é. Àgọ́ tó ní ẹni tó ń gba ẹ̀sùn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ní ẹni tó ń tọ́jú ìbọn, tún ní ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kí ènìyàn ké. Bí oṣù bá parí, ìjọba á san owó fún un. Ó mà ṣe o.

Ọmọkùnrin kan wà ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ọmọ ọdún 16 ni lọ́dún 2005 tí wọ́n wá mú un. Ó ń retí èsì ìdánwò girama rẹ̀. Wọ́n ní ó wà lára àwọn tó fi ìbọn gba fóònù mẹ́ta. Gẹ́gẹ́ bí ohun tó sọ, wọ́n yìnbọn sí i lọ́wọ́, wọ́n lù ú, wọ́n so ó rọ̀, wọ́n fi ẹ̀mú fa èékánná ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀ tu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìwé ìjẹ́wọ́ méjì síwájú rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí méjèèjì. Ẹ rò ó wò, ìka tí wọ́n ti tu èékánná rẹ̀, tí ó ń di bírò mú. Ọdún mẹ́jọ ló lò látìmọ́lé kí wọ́n tó dájọ́ fún un ní 2013, ìwé méjì yẹn sì wà lára ohun tí adájọ́ gbára lé. Ọlọ́pàá tó wádìí ọ̀rọ̀ náà kò yọjú sí kóòtù. Ikú ni wọ́n dá fún un: kí wọ́n tún so ó rọ̀, lọ́tẹ̀ yìí ní ọrùn. Lẹ́tà ya lu ìjọba láti gbogbo àgbáyé, títí Gómìnà Emmanuel Uduaghan fi forí jì í ní oṣù karùn-ún 2015. Ó wọlé ní ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ó jáde ní géńdé. Wọ́n forí jì í! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ta ló yẹ kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ta?

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Abala 34 ìwé òfin 1999 sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóró. Òfin tó wà lórí ẹ̀rí nílé ẹjọ́, ti 2011, ní bí afurasí bá pariwo pé tipátipá ni wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun, agbẹjọ́rò ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Adájọ́ á dá ẹjọ́ gangan dúró, wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ mìíràn nínú ẹjọ́, lórí bí wọ́n ṣe rí ìwé yẹn gbà. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló wà nínú yàrá ẹ̀yìn? Àfi ọlọ́pàá àti afurasí. Ọlọ́pàá mẹ́ta á búra pé tìfẹ́tìfẹ́ ló kọ ọ́. Afurasí á ní wọ́n so òun rọ̀. Ẹjọ́ wa kì í sì yára. Ọgbẹ́ á ti jinná kó tó dé iwájú adájọ́, àpá nìkan ló kù, wọn á ní ibi tó ti ń sá lọ ló ti fara pa. Bí adájọ́ bá wá gba ìwé náà wọlé, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti wí léraléra pé ìjẹ́wọ́ nìkan, bí ó bá ti jẹ́ tìfẹ́tìfẹ́ tí ó sì lọ tààrà, tó láti fi dá ènìyàn lẹ́bi. Ẹni tó bá mọ èyí ni yóò mọ ìdí tí okùn fi dùn mọ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kò ní láti wá ipa ìka. Kò ní láti wá ẹlẹ́rìí. Kò tilẹ̀ ní láti dé ibi tí wọ́n ti jalè. Okùn ti bá a ṣe gbogbo ìwádìí tán.

Èkó ṣòfin, ìjọba àpapọ̀ náà ṣe tirẹ̀ ní 2015, pé kí wọ́n máa fi kámẹ́rà gba ìjẹ́wọ́ sílẹ̀ tàbí kí agbẹjọ́rò wà níbẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2017, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó lè fi adánilóró sẹ́wọ̀n ọdún 25. Nígbà tí Amnesty tún wò ó ní oṣù kẹfà 2020, wọ́n ní ìjọba kò tíì gbé ẹyọ ẹnìkan nínú àwọn SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń kojú adigunjalè, lọ sílé ẹjọ́.

Ẹni tó bá rò pé ọmọ tálákà nìkan ni okùn mọ̀, kó rántí 1995. Ìjọba Sani Abacha ní àwọn kan ń dìtẹ̀ gbàjọba. Wọ́n kó ológun, wọ́n kó oníròyìn, wọ́n kó ẹni tó ti jẹ olórí orílẹ̀-èdè yìí rí. Lára ohun tí wọ́n fi de Olusegun Obasanjo mọ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ọ̀gá ológun kan, Bello-Fadile. Inú ẹ̀wọ̀n ni Bello-Fadile wà tó ti kọ̀wé bẹ̀ ẹ́ pé kó forí ji òun, pé irọ́ ni, pé ìyà ni wọ́n fi gbà á lẹ́nu òun. Nígbà tí ìjọba alágbádá dé, ó tún lọ sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí títẹ ẹ̀tọ́ ènìyàn lójú. Obasanjo jáde láàyè ní 1998. Shehu Musa Yar'Adua, tí wọ́n jọ dá ẹ̀bi fún, kò jáde. Ẹ̀wọ̀n ló kú sí ní Abakaliki, lọ́jọ́ 8 oṣù kejìlá 1997.

Ibí yìí gan-an ni ẹkún mi ti ń le sí i. Obasanjo, ọmọ Òwu, tí irọ́ tí wọ́n fi ìyà fà jáde lẹ́nu ẹlòmíràn gbé dé ẹnu ibojì, ló di Ààrẹ lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 1999. Bí ẹnìkan bá wà ní Nàìjíríà tí ojú rẹ̀ ti rí ohun tí ìjẹ́wọ́ tipátipá lè ṣe, òun ni. Ọdún mẹ́jọ ló lò lórí àga. Ní oṣù kẹta 2007, nígbà tó ku bí oṣù méjì kó gbéjọba sílẹ̀, Manfred Nowak, ẹni tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn láti máa wádìí ọ̀rọ̀ ìdálóró, wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ohun tó kọ lẹ́yìn tó wò yíká ni pé ìdálóró ti di ara iṣẹ́ ọlọ́pàá wa. Ní ẹ̀ka ìwádìí ọ̀daràn l'Ékòó, ó bá àwọn tí wọ́n ti yìnbọn sí lẹ́sẹ̀ láti ibi tí kò jìnnà, tí wọ́n fi sílẹ̀ láìtọ́jú, tí ojú ọgbẹ́ ń rà. Mi ò sọ pé Obasanjo ló pàṣẹ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó ti inú ihò yẹn yọ kò padà wá dí i. Bí òun kò bá dí i, ta ni a tún fẹ́ retí?

Àwọn alágbára ayé náà kò sàn jù wá lọ nínú èyí. Ìwé tí wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀ ló pọ̀ ju tiwa. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2001, àwọn amòfin ìjọba Amẹ́ríkà jókòó, wọ́n wá orúkọ mìíràn tó rọ̀ létí fún ìdálóró. Wọ́n mú ọmọ Líbíà kan, Ibn al-Shaykh al-Libi, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Íjíbítì. Níbẹ̀ ló ti ní Iraq ń kọ́ àwọn al-Qaeda ní lílo ohun ìjà olóró. Lọ́jọ́ 5 oṣù kejì 2003, Colin Powell jókòó níwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé Baghdad lórí. Nígbà tó yá, al-Libi ní òun parọ́ kí wọ́n lè fi òun lọ́rùn sílẹ̀ ni. Ìgbà 183 ni wọ́n da omi sí Khalid Sheikh Mohammed lójú àti nímú ní oṣù kẹta 2003, bí ẹni pé kó rì. Òun ni wọ́n ní ó pète ìkọlù náà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti wà lọ́wọ́ wọn, ẹjọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan, nítorí àríyànjiyàn lórí ohun tí wọ́n fi ìdálóró gbà lẹ́nu rẹ̀ kò tán. Àwọn òbí tó sọ ọmọ nù ní New York ń darúgbó, wọ́n ń kú, wọn kò gbọ́ ìdájọ́. Orílẹ̀-èdè tó ní òun ń gbẹ̀san wọn ló ba ẹ̀san náà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

N ò sì ní parọ́ pé ọwọ́ àwọn baba wa mọ́. Ní 1950, Àtíńgà, ẹgbẹ́ tó ń wá àjẹ́ kiri, gba Dahomey wọlé tọ̀ wá láti Gold Coast. Àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń jó láti ìlú dé ìlú ní Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa lónìí, àti ní agbègbè rẹ̀, wọ́n ń nàka sí àwọn ìyá pé àjẹ́ ni wọ́n. Ìyá tó bá sẹ́, ojú rẹ̀ rí màbo. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́wọ́. Ìyá ẹni jókòó lójú agbo, ó ní òun pa ọmọ òun, ó ní òun jẹ ọmọ orogún òun, kí ọwọ́ lè kúrò lára òun. Ìjọba òyìnbó fòfin dè é ní 1951, ilù dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà níbẹ̀ tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, báwo ló ṣe tún fẹ́ jókòó ti ìyá rẹ̀ jẹun? Gbogbo ilé ló mọ̀ pé wọ́n fìyà jẹ ẹ́ kó tó sọ ọ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé gbé mì. Ohun tí okùn ń ṣe nìyí, lágbo Àtíńgà tàbí ní àgọ́ ọlọ́pàá: ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí a kò lè gbà gbọ́, tí a kò sì lè gbàgbé.

Mo tún ń sunkún ẹlòmíràn, bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ bínú sí mi. Ọlọ́pàá tó di okùn mú ni. Ọmọ wa ni. Ó wá látinú ilé kan, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu, wọ́n gbàdúrà pé kí ó jẹ́ ẹni tí ayé yóò máa sá di. Kò sí ìyá tó bí O/C Torture. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó fà á, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Nígbà tó yá kò gbọ̀n mọ́. Nígbà tó tún yá ó ń jẹun nídìí rẹ̀. Ó dé ilé lálẹ́, ọmọ rẹ̀ sáré pàdé rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan náà gbé e sókè. Kí ló kù nínú ẹni bẹ́ẹ̀ tí a lè bá sọ̀rọ̀? Bí ìjọba bá pa ẹni tí wọ́n so rọ̀, a rí òkú rẹ̀. Èyí tí wọ́n pa nínú ẹni tó so ó rọ̀ ń bá wa ṣọ́ ojú ọ̀nà, ó ń gba owó lọ́wọ́ dírẹ́bà, ìbọn wà léjìká rẹ̀.

Àwa ńkọ́? Àwa la ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí à ń ní ẹ lù ú, olè ni. Àwa la mọ táyà àti bẹntiróòlù tó ń dúró de ọmọ tí wọ́n bá nàka sí lọ́jà. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè á lọ fún ọlọ́pàá lówó díẹ̀ pé kí wọ́n bá òun fojú onígbèsè rí nǹkan. Bí ìròyìn bá ní ọwọ́ tẹ adigunjalè, tí ẹnìkan sì ní kí wọ́n má fìyà jẹ wọ́n, àwa ni yóò kọ́kọ́ bi í pé ṣé wọn ò tíì jà á lólè rí ni. Ìbéèrè yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mo mọ̀. Ẹni tí wọ́n yọ ìbọn sí nínú yàrá rẹ̀ lóru kì í fẹ́ gbọ́ abala 34. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa pé adigunjalè ni ẹni tí wọ́n so rọ̀ yìí? Ọlọ́pàá ni. Ta ló sọ fún ọlọ́pàá? Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́. Nígbà wo ló jẹ́wọ́? Nígbà tí wọ́n so ó rọ̀. Kí ló dé tí wọ́n so ó rọ̀? Adigunjalè ni. A ń yí po lójú kan náà, adigunjalè gangan sì ti kọjá odi ìlú, ó ń ná owó wa.

Ní 1992 ni wọ́n dá SARS sílẹ̀ láti kojú àwọn adigunjalè. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹwàá 2020, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti gba gbogbo títì láti tako ó, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ní òun ti tú u ká. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀, ológun yìnbọn ní Lekki l'Ékòó, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ náà péjọ sí. Ìgbìmọ̀ tí Ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí SARS fìyà jẹ, tí Adájọ́bìnrin Doris Okuwobi jẹ́ alága rẹ̀, jókòó fún ọdún kan. Àwọn ènìyàn wá, wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n fi ẹsẹ̀ tí kò lè tẹ̀ mọ́ hàn, àwọn mìíràn wá ròyìn ọmọ tí wọ́n mú lọ tí wọn kò rí mọ́. Owó tí wọ́n fi tù wọ́n nínú lé ní 400 mílíọ̀nù náírà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ nílò owó ìtọ́jú.

Ṣùgbọ́n SARS lọ, àwọn ìwé rẹ̀ kò bá a lọ. Láti 1992 dé 2020 ni wọ́n fi ń gbé bírò fún ènìyàn láti fọwọ́ sí ìwé. Àwọn ìwé yẹn wọ fáìlì, fáìlì wọ kóòtù, adájọ́ kà á, ó dájọ́, wọ́n kó ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n Kirikiri àti ibòmíràn. Nígbà tí ìjọba fẹnu ara rẹ̀ gbà pé ọwọ́ SARS kò mọ́, ta ni wọ́n rán lọ síbi tí wọ́n to àwọn fáìlì yẹn sí? Adájọ́ wo ni wọ́n ní kó tún wọn ṣí, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó pe ẹni tó fọwọ́ sí i jáde látinú ẹ̀wọ̀n, kó ní kó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ kí òun rí èjìká rẹ̀, kó sì bi í pé: báwo ni wọ́n ṣe gba èyí lọ́wọ́ rẹ?